Ère Ìbejì: Ọmọ tó lọ, igi tó dúró, àti ohun tó yẹ kí ìdílé mọ̀ kí wọ́n tó tà á

Ère ìbejì ni ère kékeré tí àwọn Yorùbá máa ń gbẹ́ nígbà tí ọ̀kan nínú ìbejì, tàbí àwọn méjèèjì, bá kú. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Láàárín sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 ni wọ́n sábà máa ń wà. Ìyá ọmọ ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi osùn pa á lára, ó ń fún un lóúnjẹ, ó sì ń wọ̀ ọ́ láṣọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe fún èyí tó kù láyé. Kì í ṣe bèbí ìṣeré, kì í sì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ ilé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan agbègbè Ọ̀fà àti Ọ̀yun dáadáa. Ilémọ̀nà, tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun ní ìpínlẹ̀ Kwara, wà láàárín àwọn ìlú Ìbọ̀lọ́, kò sì jìnnà sí ilẹ̀ Ìgbómìnà tí iṣẹ́ ère gbígbẹ́ ti gbilẹ̀ láyé àtijọ́. Tí ẹ bá dé àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà, orúkọ Ọ̀fà, Ìlá, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán wà lára àwọn tí wọ́n máa ń kọ sábẹ́ ère ìbejì láti sọ ibi tí ó ti wá. Ìlú nìkan ni wọ́n máa ń mọ̀ o. Ère tí ìyá kan ń fún lẹ́wà jẹ nínú yàrá rẹ̀ ti wà nínú gíláàsì báyìí, ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ò sì mọ̀ bóyá Táyé ni àbí Kẹ́hìndé.

Ìbejì pọ̀, ikú ìbejì náà pọ̀

Yorùbá wà lára àwọn ẹ̀yà tó ń bí ìbejì jù lọ lágbàáyé. Ìwádìí tí àwọn dókítà ṣe ní Ìbàdàn àti ní Ìgbó-Ọrà, ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1980, fi hàn pé nínú ìgbà 1000 tí obìnrin bá bímọ, ó máa ń tó bíi 45 tí yóò jẹ́ ìbejì. Ní Yúróòpù láyé ìgbà náà, kì í ju 10 sí 12 lọ. Púpọ̀ nínú ìbejì Yorùbá ni ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí, ìdí nìyẹn tí ọkùnrin àti obìnrin fi máa ń wà nínú ìbejì kan náà.

Kí ló ń fà á? Àwọn ará Ìgbó-Ọrà, tí wọ́n ti ń ṣe ọdún ìbejì láti 2018, máa ń sọ pé ọbẹ̀ ìlasa àti àmàlà ni. Àwọn mìíràn ní iṣu ni. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ò tíì rí ẹ̀rí tó fìdí èyíkéyìí nínú méjèèjì múlẹ̀. Ohun tó dájú ni pé ó máa ń rìn nínú ẹbí, pàápàá láti ọ̀dọ̀ ìyá.

Ṣùgbọ́n láyé tí kò sí ilé ìwòsàn, bíbí ìbejì jẹ́ ohun ẹlẹ́gẹ́. Ọ̀pọ̀ ìbejì máa ń wáyé ṣáájú ọjọ́ tó yẹ, wọ́n máa ń kéré, ọmú ìyá kan sì ni wọn yóò jọ máa pín. Nítorí náà, níbi tí ìbejì bá ti pọ̀, ìyá tí ọ̀kan kú mọ́ lọ́wọ́ máa ń pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Tí a bá ń wá ìdí tí ère ìbejì fi wọ́pọ̀ ju ọ̀pọ̀ ère Yorùbá mìíràn lọ, ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ìbẹ̀rù dé ìgbé-sórí-orí

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni Yorùbá ń yọ̀ mọ́ ìbejì. Àwọn àgbà kan ṣì ń sọ ọ́ pé nígbà kan rí, ohun ìbẹ̀rù ni. Wọ́n ní ẹranko ló ń bí méjì méjì, wọn ò sì mọ ohun tí ọmọ méjì nínú oyún kan túmọ̀ sí. Níbòmíràn, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n wà láàyè. Òyìnbó onímọ̀ kan, T. J. H. Chappel, tó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1974, gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láàárín ọdún 1700 sí 1800 ni ìṣe náà yí padà, tí ìbejì wá di ẹni àpọ́nlé. Àwọn ìtàn kan so ìyípadà náà mọ́ Àjàṣẹ́. Kì í ṣe Àjàṣẹ́-Ìpo tó wà nítòsí Ọ̀fà o, Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo lónìí ní orílẹ̀-èdè Benin ni. Wọ́n ní Ifá ló sọ pé kí wọ́n yé pa wọ́n, pé kí wọ́n máa bọ wọ́n, kí ìyá wọn sì máa gbé wọn jó lọ́jà. Ìyá ìbejì tó ń jó kiri ọjà, tí àwọn ènìyàn ń fún lówó, ìran tí ọ̀pọ̀ ẹni tó dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá ti fojú rí ni, ibẹ̀ ni wọ́n sì ní ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn kejì ni ti ẹdun, ọ̀bọ dúdú onírun gígùn funfun tó ń gbé orí igi. Wọ́n ní àgbẹ̀ kan wà ní Ìsokùn, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, tí àwọn ẹdun ń ba oko rẹ̀ jẹ́. Ó ń pa wọ́n ṣáá. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bí àbíkú, ọmọ ń wá, ọmọ ń lọ. Nígbà tó lọ sọ́dọ̀ babaláwo, wọ́n ní kó fi ẹdun sílẹ̀ kí wọ́n máa jẹun. Ó gbọ́rọ̀, ìyàwó rẹ̀ lóyún, ó sì bí méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ìbejì ní ará Ìsokùn títí dòní, tí ọ̀pọ̀ ìdílé ìbejì kì í sì í jẹ ẹran ẹdun.

Ti orúkọ kò ṣòro. Ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni Táyéwò, ẹni tó tẹ̀lé e ni Kẹ́hìndé. Kẹ́hìndé ni Yorùbá kà sí ẹ̀gbọ́n, nítorí òun ló rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Ẹni tí ìyá bí tẹ̀lé wọn ni Ìdòwú, tí wọ́n ń pè ní Èṣù lẹ́yìn ìbejì nítorí agídí rẹ̀. Àlàbá ló tẹ̀lé Ìdòwú. Orúkọ àmútọ̀runwá ni gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin ń jẹ́ ẹ, obìnrin ń jẹ́ ẹ.

Tí ọ̀kan bá lọ

Ìgbàgbọ́ tó wà lábẹ́ ère ni pé ẹ̀mí ìbejì so pọ̀. Tí ọ̀kan bá kú, tí wọn kò sì wá nǹkan ṣe, èyí tó lọ lè máa fa èyí tó kù. Ó tún lè bínú sí ìyá rẹ̀, kó má jẹ́ kó bímọ mọ́, tàbí kó da ọjà rẹ̀ rú. Tí wọ́n bá sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó lè mú owó àti ọmọ wọlé. Nítorí náà, ẹ̀rù wà nínú rẹ̀, ìrètí náà wà nínú rẹ̀.

Òbí á kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ babaláwo. Babaláwo á dá Ifá, á sọ bóyá kí wọ́n gbẹ́ ère, á sì máa ń sọ agbẹ́gilére tí wọn yóò gbé iṣẹ́ náà fún. Agbẹ́gilére á wá igi, á ṣe ètùtù kó tó gé e, nítorí kì í ṣe igi lásán ni yóò dà mọ́. Tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á fi aṣọ wé ère náà, wọ́n á gbé e fún ìyá, wọ́n á sì ṣe àdúrà. Ìyá á pọ̀n ọ́n lọ sílé tàbí kó fi sínú ìró láyà.

Láti ọjọ́ náà lọ, ère ti di ọmọ ilé. Lálẹ́, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó sùn, tó bá di àárọ̀, wọ́n á gbé e dúró. Ìyá á fi omi wẹ̀ ẹ́, á pò osùn pọ̀ mọ́ epo, á fi pa á lára títí tí yóò fi pọ́n dẹ̀dẹ̀. Irun rẹ̀ ń kọ́: ẹlú ni wọ́n fi ń pa á láyé àtijọ́, kí búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ tó dé sọ́jà. Nígbà tí búlúù dé, àwọn ìyá gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Orí búlúù yẹn náà ni àwọn òyìnbó ń wò lónìí tí wọ́n bá fẹ́ mọ bí ère ṣe pẹ́ tó. Oúnjẹ ìbejì ni ẹ̀wà, àkàrà, epo, ìrèké àti àádùn. Wọ́n á fi kan ère lẹ́nu, àwọn ọmọ àdúgbò á sì jẹ ìyókù. Kò sí ọmọdé tó kórìíra ọjọ́ tí ìyá ìbejì bá se ẹ̀wà.

Tí ìyá bá ń fún èyí tó wà láyé lọ́mú, ó lè gbé ère sún mọ́ ọmú kejì. Tó bá ra aṣọ fún èyí tó wà láyé, ó gbọ́dọ̀ ra ti èkejì. Tí èyí tó kù náà bá kú, wọ́n á gbẹ́ èkejì, wọ́n á sì gbé àwọn méjèèjì dúró pọ̀. Nígbà tí ìyá fúnra rẹ̀ bá kú, ìbejì tó dàgbà tàbí ẹlòmíràn nínú ilé ló máa ń gba ìtọ́jú náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ère kan fi kọjá lọ́wọ́ ìran méjì, mẹ́ta.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà lójú ère. Tí ẹ bá rí èyí tí imú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, tí ojú àti ẹnu rẹ̀ ti dán bọ̀rọ́, kì í ṣe agbẹ́gilére tí kò mọṣẹ́ ló gbẹ́ ẹ. Ọwọ́ ìyá ni. Ọdún púpọ̀ tó fi ń nù ún lójú, tó ń fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu, tó ń fi osùn pa á, ló jẹ igi náà.

Àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Richard àti John Lander, tí wọ́n gba Badagry wọ inú ilẹ̀ lọ ní 1830, kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé àwọn pàdé obìnrin púpọ̀ tó gbé ère ọmọ kékeré dání, ìyá tí ọmọ wọn kú. Wọn ò sọ pé ìbejì ni. Bí ó ti wù kó rí, òun ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ òyìnbó tó pẹ́ jù lórí irú ìṣe yìí.

Ọmọ ọwọ́ ni, ṣùgbọ́n àgbà ni wọ́n gbẹ́

Ohun tó máa ń ya ẹni tí kò mọ̀ lẹ́nu ni pé ère ọmọ ìkókó kì í jọ ìkókó. Obìnrin á ní ọmú, ọkùnrin á dúró bí géńdé, àwọn ẹlòmíràn á ní ilà lójú tí ọmọ tó kú lọ́jọ́ mẹ́jọ ò lè ní láyé. Agbẹ́gilére ò fẹ́ yàwòrán bí ọmọ náà ṣe rí nígbà tó kú. Ẹni tí ì bá dà ló gbẹ́. Ọkùnrin tàbí obìnrin tí ọmọ náà jẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀lé, ilà ìdílé bàbá ni wọ́n sì ń kọ sí i lójú.

Orí máa ń tóbi, ó lè tó ìdá mẹ́ta gbogbo ara. Ẹni tó bá mọ ohun tí orí jẹ́ fún Yorùbá ò ní béèrè ìdí. Irun máa ń ga sókè, wọ́n á fín in bí ìgbà tí onídìrí ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́. Ọwọ́ á wà ní ẹ̀gbẹ́ itan. Ìyá ló ń fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn àti ní ìdí, òun ló ń fi ẹ̀gbà idẹ sí i lọ́wọ́. Àwọn tó lówó, pàápàá ilé ọba, máa ń rán ẹ̀wù owó ẹyọ fún un.

Apá àríwá ilẹ̀ Yorùbá, ìyẹn Ìgbómìnà, Àjàṣẹ́-Ìpo títí dé ìhà Ìlọrin, ní àmì kan tó máa ń tètè fi wọ́n hàn. Ọ̀pọ̀ ère ibẹ̀ ní ohun onígun mẹ́ta tí wọ́n gbẹ́ mọ́ ọn láyà tàbí lẹ́yìn. Tírà ni, irú èyí tí àwọn álífáà máa ń kọ, tí wọ́n á rán awọ bò. Ìmàle ti wọ ilẹ̀ náà tipẹ́, ààbò tí òbí ń wá fún ọmọ tó wà láyé ni wọ́n wá fún èyí tó lọ náà. Ẹni tó bá rò pé ìdílé kan gbọ́dọ̀ wà ní apá kan ṣoṣo, àbí òrìṣà àbí ìmàle, ère yìí á rú u lójú.

Àwọn tó gbẹ́ ẹ

Àwọn òyìnbó tó ń kó ère jọ máa ń kọ "a ò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ" sábẹ́ ère, àmọ́ àwọn ará ìlú mọ̀ ọ́n. Agbẹ́gilére ní orúkọ, wọ́n sì ń wá a láti ìlú sí ìlú. Ní Ọ̀sí, tí wọ́n máa ń pè ní Osi-Ilorin, Àrẹògún jẹ́ ọ̀gá pátápátá láàárín ìparí ọdún 1800 sí 1950 ó lé díẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Bándélé, gba iṣẹ́ náà. Ní 1947, àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà ṣí ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí Father Kevin Carroll sì ń bójú tó o. Ibẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún láti ìdílé agbẹ́gilére, ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Lámídì padà ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kó tó kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2009. Mùsùlùmí ni. Òun fúnra rẹ̀ ò rí i bí ohun tó ta ko ẹ̀sìn rẹ̀ láti gbẹ́ igi.

Father Carroll kọ bí àwọn agbẹ́gilére wọ̀nyí ṣe ń pín iṣẹ́ sí ìpele mẹ́rin sílẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fi àáké la ìrísí ère jáde nínú igi, ìyẹn ọnà lílé. Lẹ́yìn náà ni àlétúnlé, níbi tí orí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti ń yọ. Dídán ló tẹ̀lé e, wọ́n á fi ọ̀bẹ fá a kó lè jọ̀lọ̀. Fífín ló gbẹ̀yìn, ìyẹn irun, ilà àti ọ̀ṣọ́. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lè bá ọ̀gá ṣe ìpele àkọ́kọ́, àmọ́ ojú àti irun, ọ̀gá ló máa ń fín in.

Ní 1980, tọkọtaya ará Jámánì kan, Mareidi àti Gert Stoll, gbé ìwé ńlá kan jáde tí wọ́n fi to ère ìbejì sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Ó ti wúlò fún àwọn onímọ̀. Ó tún wúlò fún àwọn oníṣòwò, ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn.

Fọ́tò dé, bèbí rọ́bà dé

Nígbà tí ọ̀pọ̀ ìdílé di Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, ère bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lójú táyé. Àwọn kan sun ún, àwọn kan jù ú sígbó, àwọn kan fi pamọ́ sínú àpótí tí wọn kì í ṣí. Ṣùgbọ́n ikú ọmọ ò kúrò, ìfẹ́ ìyá ò sì kúrò. Àwọn ìyá kan bẹ̀rẹ̀ sí í lo bèbí rọ́bà tí wọ́n rà lọ́jà, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ère. Marilyn Houlberg, ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé lórí ère ìbejì ní 1973, rí wọn, ó sì ya fọ́tò wọn.

Ìlá-Ọ̀ràngún ni èyí tó wúni lórí jù ti ṣẹlẹ̀. Stephen Sprague, onífọ́tò láti Amẹ́ríkà, lọ síbẹ̀ ní 1975, ó sì gbé ohun tó rí jáde ní 1978. Àwọn onífọ́tò ìlú náà ti wá ọgbọ́n sí ọ̀rọ̀ ìbejì tó kú. Tí ọ̀kan bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò wọn pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó wà láyé, á sì tẹ àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí ó lè dà bíi pé àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Tó bá jẹ́ pé ọkùnrin àti obìnrin ni ìbejì náà, wọ́n á wọ aṣọ tirẹ̀ fún ẹni tó kù, wọ́n á yà á. Lẹ́yìn náà wọ́n á wọ aṣọ èkejì rẹ̀ fún un, wọ́n á tún yà á. Ọmọbìnrin á jókòó bí ara rẹ̀, á sì tún jókòó bí arákùnrin rẹ̀. Ẹni tó bá wò ó dáadáa lè rí ojú ibi tí àwòrán méjèèjì ti pàdé ní àárín.

Ẹ rò ó wò. Ọmọ tó wà láyé ló ń yá èkejì rẹ̀ lójú, lára, títí kan bó ṣe jókòó. Nígbà kan, agbẹ́gilére ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ní Ìlá, ọwọ́ onífọ́tò ló bọ́ sí, ìyá sì gbé fọ́tò náà sí ibi tí ère ì bá dúró sí.

Òkè òkun náà ní tiwọn

Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun mú ìbejì lọ. Ní Brazil, wọ́n so wọ́n pọ̀ mọ́ Cosme àti Damião, àwọn ẹni mímọ́ ìbejì ti ìjọ Àgùdà. Ní Bahia, ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n máa ń se ọbẹ̀ ilá tí wọ́n ń pè ní caruru, àwọn ọmọdé ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bù fún. Kò yàtọ̀ sí ẹ̀wà ìyá ìbejì. Ní Kúbà, Ibeyi ni wọ́n ń pè wọ́n. Orúkọ yìí náà ni Lisa-Kaindé àti Naomi Díaz, àwọn ìbejì olórin tí bàbá wọn jẹ́ ará Kúbà, fi ń kọrin káàkiri ayé. Àwọn Fọ̀n àti Ewe ní Benin àti Togo ní ère ìbejì tiwọn pẹ̀lú, tí wọ́n ń tọ́jú títí dòní.

Ìbejì ṣì ń kú

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, kó gbọ́ èyí. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet Global Health ní 2017 fi hàn pé ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà gúúsù Sàhárà, nínú ìbejì 1000 tí wọ́n bí láyé, ó lé ní 200 tó ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Ọ̀kan nínú márùn-ún nìyẹn. Ti àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó ìdajì iye yẹn. Iye náà ti dínkù sí ti ọdún 1990 sí 2000, àmọ́ ti ìbejì ò dínkù tó ti àwọn yòókù.

Ohun tó ń pa wọ́n ò ṣàjèjì sí ohun tó ń pa wọ́n láyé Àrẹògún: kí wọ́n bí wọn láìpé oṣù, kí wọ́n kéré, kí òtútù mú wọn, kí wọ́n má rí ọmú mu tó. Nítorí náà ni àwọn dókítà fi ń sọ pé kí aboyún tètè lọ fún àyẹ̀wò kí wọ́n lè mọ̀ bóyá méjì ló wà níkùn, kó sì bímọ síbi tí wọ́n ti lè bójú tó ọmọ kékeré. Fún ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù, ìmọ̀ràn àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ni pé kí ìyá gbé e sí àyà rẹ̀, awọ ara sí awọ ara, kó fi aṣọ dè é mọ́ra fún wákàtí púpọ̀ lójúmọ́, kó sì máa fún un lọ́mú. Ó ń gba ẹ̀mí là, kò sì gba ẹ̀rọ kankan.

Tí oníbàárà bá kan ilẹ̀kùn

Láti ọdún 1960 lọ, ère ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde kúrò ní ilẹ̀ Yorùbá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ó kéré, ó rọrùn láti kó sínú àpò, àwọn ọmọ tó ti yí ẹ̀sìn padà ò sì mọ ohun tí wọn yóò fi í ṣe. Aláròóbọ̀ á dé ilé, á fún ìyá àgbà lówó díẹ̀, á gbé e lọ. Ère kan náà lè di ohun tí wọ́n ń tà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ní Paris tàbí New York. Ayédèrú náà wà: wọ́n ń gbẹ́ tuntun, wọ́n á fi ẹ̀fọ̀n ilé ìdáná àti osùn pa á, wọ́n á fi nǹkan ha á lójú kó lè jọ èyí tó ti pẹ́. Ìyàtọ̀ ni pé ọwọ́ ìyá máa ń jẹ igi níbi tí ọwọ́ máa ń kàn, kì í ṣe ibi gbogbo.

Òfin ti wà lórí ọ̀rọ̀ náà tipẹ́. Ìjọba kọ́kọ́ ṣe òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1953. Òfin kẹtàdínlọ́gọ́rin ọdún 1979 ló dá àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí sílẹ̀, ìyẹn NCMM. Òfin yẹn ò fi mọ sórí ohun tí wọ́n ṣe kó tó di 1918 nìkan. Ó tún kan iṣẹ́ ọnà tó ní iyì ìtàn tàbí ti ọnà, tí wọ́n sì ti lò fún ètò ìbílẹ̀ rí, kódà kí wọ́n gbẹ́ ẹ ní 1950. Ère ìbejì tí ìyá ti bọ rí wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbé e jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ náà, kò sì í ṣe ẹnikẹ́ni tó bá wù ú ló lè máa rà á kiri. Àfi ẹni tí àjọ náà bá fọwọ́ sí.

Ohun tó túmọ̀ sí fún ìdílé ni pé aláròóbọ̀ tó ní "ẹ jẹ́ n bá yín gbé e kúrò, òrìṣà ni" lè máa sọ òtítọ́ nípa ẹ̀sìn tirẹ̀, àmọ́ òwò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò bófin mu tí kò bá ní ìwé. Ìdílé tí kò fẹ́ ère mọ́ nínú ilé lè gbé e fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Èyí tó súnmọ́ Ọ̀fà àti Ilémọ̀nà ni ti Èsìẹ́, tí wọ́n ṣí ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn ère òkúta tó lé ní 800 tó wà níbẹ̀ ò ní í ṣe pẹ̀lú ìbejì, ọ̀tọ̀ ni ìtàn tiwọn, ṣùgbọ́n abẹ́ NCMM ni ilé náà wà.

Kí ìdílé tó gbé ère lọ, kí wọ́n wá ìwé àti bírò. Kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ náà, Táyé tàbí Kẹ́hìndé, orúkọ ìyá rẹ̀, agboolé àti ìlú, ẹni tó gbẹ́ ère náà tí àgbà kan bá ṣì rántí, àti ọdún tí wọ́n bá lè fojú bù. Kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ níwá àti lẹ́yìn. Kí wọ́n fi ẹ̀dà kan sílé, kí wọ́n fi èkejì tẹ̀lé ère.